Ìkòkòrè Inú Kọ́ọ̀pù àti Ọmọ-ìka Ẹsẹ̀ Alhaji

Ẹjọ́ kan wọlé Olórítún, olórí àdúgbò wa, lánàá tó jẹ́ pé bí mi ò bá débẹ̀, mi ò ní dárí ji ara mi. Ààfin là ń pe ilé náà, torí pé ó ní géètì méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ò ṣeé ṣí. Mo ti jókòó síwájú kí wọ́n tó kó àga tán.

Alhaja Wòsílátù tó ń ta ìkòkò àti abọ́ ní ọjà Òkè-Àjẹ́ ló pẹjọ́. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Joel, máníjà ilé-iṣẹ́ Adùnmádẹ́kun, àwọn tó ń ta ìkòkòrè inú kọ́ọ̀pù.

Ẹ̀yin náà mọ ìkòkòrè. Ẹ ó rin ewùrà, ẹ ó dà á sínú ọbẹ̀ ata tó ti ní ẹja àti epo, ẹ ó sì fi iná jẹ́ẹ́jẹ́ sè é. Àwọn Adùnmádẹ́kun ò fi ata sí tiwọn. Ṣúgà, wàrà inú agolo, ṣokoléètì àti àwọ̀ pupa kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n pò mọ́ ewùrà. Wọ́n kọ ÌKÒKÒRÈ gàdàgbà sára kọ́ọ̀pù, ó wá di ohun tí gbogbo ọmọ Tíktọ́ọ̀kì ń jẹ níwájú fóònù.

Alhaja ní ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá ọkọ òun, Alhaji Yẹ̀kínì, fínra láti ọdún mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì ní kó yàgò fún ohun dídùn, kó máa jẹ ìkòkòrè díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ púpọ̀. Bí ọkọ ṣe rí orúkọ lára kọ́ọ̀pù, ó ní oúnjẹ nọ́ọ̀sì ti dé ìgboro. Kọ́ọ̀pù mẹ́ta lójúmọ́, oṣù méjì gbáko. Nígbà tí bàtà wá bó o lẹ́sẹ̀, egbò náà kọ̀, kò jinná, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń dúdú.

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni dókítà fẹ́ tún un wò," Alhaja wí. "Bí dúdú yẹn bá ti gòkè, wọ́n á gé e. Bàbá, mi ò bá towó wá. Kí wọ́n yéé ta nǹkan yìí ni, kó tó gé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn."

Olórítún yíjú sí Joel. "O gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n ewùrà ni a fi ṣe é, ewùrà ò sì pààyàn rí. Ṣúgà inú rẹ̀, ara ìrèké ló ti wá, ìrèké sì jẹ́ koríko. Wàrà, ara màlúù ló ti wá, koríko náà sì ni màlúù ń jẹ. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wò ó, ẹ̀fọ́ ni."

"Ẹ̀fọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Olórítún ní kí wọ́n bá òun tẹ ẹ̀bà, òun fẹ́ fi ẹ̀fọ́ náà jẹ ẹ́. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Joel náà rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé òun là ń rín.

Bàbá Gilbert, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, tó wà nínú ìgbìmọ̀ Olórítún, gba kọ́ọ̀pù kan nínú èyí tí Alhaja kó wá. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó tún fi awò mìíràn lé e. Ó ní òun rí ohun kan nísàlẹ̀ kọ́ọ̀pù tí òun kọ́kọ́ pè ní èèrà, àṣé ọ̀rọ̀ ni. Ó kà á, ó ṣírò, ó ní ṣúgà ṣíbí mẹ́rìnlá ló wà nínú kọ́ọ̀pù kan.

Olórítún bi Joel pé kí ló fẹ́ fi mẹ́rìnlá ṣe.

"Nítorí ojú ni, Bàbá," Joel wí. Ọmọ náà ò tilẹ̀ tijú. Ó ní nígbà tí àwọn fi ṣíbí méjì sí i, àwọn ọmọ tó ń jẹ ẹ́ nínú fídíò kàn ń mi orí. Nígbà tí ó di mẹ́jọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó di mẹ́rìnlá ni ojú wọn tó là ràngbàndàn. "Bí ojú ò bá là, ẹnikẹ́ni ò ní tún fídíò náà pín."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí Joel, Hikmah, ọmọ yunifásítì ní Ìjagun, ẹni tí ojú rẹ̀ là jù nínú gbogbo fídíò wọn. Ó ní lójoojúmọ́ lòun ń jẹ ẹ́, kò sì ṣe òun ní nǹkan kan.

"Gbogbo kọ́ọ̀pù?" Bàbá Gilbert bi í.

Ó ní ṣíbí kan ni.

"O gbé e mì?"

Hikmah wo Joel, ó wolẹ̀. Ó ní tí fídíò bá ti parí, òun máa ń tu ú sínú ọ̀rá, torí eyín ń dun òun. Ó wá ní kò sí àgbàlagbà kankan tó ń wo fídíò òun, kí wọ́n má fi ti Alhaji kọ́ òun lọ́rùn. Kò pẹ́ ló tún ní Alhaji ló máa ń kọ "Máṣà Allāh" sábẹ́ gbogbo ẹ̀. Orí Alhaja yí bìrí sí ọkọ rẹ̀. Ojú tó fi wò ó, ọ̀bẹ dókítà ọjọ́ Ìṣẹ́gun dára jù ú lọ.

Ó wá kan Alhaji, tó jókòó pẹ̀lú báńdéèjì lẹ́sẹ̀. Ẹlẹ́rìí ìyàwó rẹ̀ ni o, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé nǹkan ọ̀hún dùn, kí á má purọ́.

"Alhaji, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ṣúgà ni?" Olórítún bi í.

"Mo mọ̀ pé ó dùn. Ṣùgbọ́n ìkòkòrè ni wọ́n kọ sí i, nọ́ọ̀sì sì ní kí n jẹ ìkòkòrè. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, ta ni mo fẹ́ bi? Mo rò pé ewùrà ọdún yìí ló dùn bẹ́ẹ̀." Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. "Mo gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ yẹn ni."

Olórítún nawọ́ sí àpò kọ́ọ̀pù tí Alhaja kó wá. Ó ní kí wọ́n gbé kọ́ọ̀pù mẹ́ta fún Joel àti àwọn méjì tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́. Ọ̀kan ní òun ń gbààwẹ̀. Èkejì ní inú ń run òun. Joel di kọ́ọ̀pù tirẹ̀ mú, kò ṣí i.

"Jẹ ẹ́, Joel. Ẹ̀fọ́ ni."

"Bàbá, ẹ má bínú. Dókítà mi ní mi ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́."

Bàbá Gilbert bọ́ awò méjèèjì.

"Adùn ló máa ń gbẹ̀yìn ewúro," Olórítún wí. "Tiyín, ewúro lẹ fi pamọ́ sẹ́yìn adùn, ẹ ò wá fẹ́ tọ́ ọ wò."

Ó dájọ́. Joel yóò máa wá sílé Alhaji láràárọ̀ fún ogójì ọjọ́, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ rin ewùrà láìwọ ìbọ̀wọ́, bó ṣe wù kó yún un tó, yóò sì se ìkòkòrè gidi tí nọ́ọ̀sì ní kí ó jẹ. Hikmah ni yóò máa ya fídíò rẹ̀, yóò jẹ ẹ́, yóò sì gbé e mì. Alhaji náà kò bọ́: fóònù rẹ̀ di ti ìyàwó rẹ̀.

"Ní ti kọ́ọ̀pù," Olórítún wí, "ẹ pa orúkọ ìkòkòrè rẹ́. Àwòrán ọmọ-ìka ẹsẹ̀ Alhaji ni kí ẹ fi sí i, kó kún iwájú."

"Bàbá, bí èèyàn bá rí ìyẹn, kò ní lè jẹ ẹ́ mọ́."

"O ti ń gbọ́ èdè wa bọ̀. Yọ fóònù rẹ, ìwọ lo máa yà á."

Alhaji bèèrè bóyá kí òun dé fìlà. Ìyàwó rẹ̀ ní ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yà. A tún rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí Alhaja kúnlẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú báńdéèjì náà díẹ̀díẹ̀, tí òórùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Joel gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Wò ó," Alhaja wí fún un. Kò pariwo. "Sún mọ́ ọn, kó lè hàn dáadáa."

Joel kúnlẹ̀ tì í. Ó pa ojú dé, Alhaja ló bá a di fóònù náà mú.