Bí Ọlátúnbọ̀sún Ṣe Ná Ilé ní Spring

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1986 ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́yìn ìsìn, níbi tá a ti ń jẹ mọ́ínmọ́ín nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Houston. Ọláníkẹ́ ló sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í. Títí di òní, tí mo bá rántí, ẹ̀rín ń pa mí!

Ilé ni Ọláníkẹ́ ń fẹ́. Ó ti sú u láti máa gbé ilé àyágbé ní àdúgbò Fondren Southwest, níbi tí ará òkè á ti sín, tí ará ìsàlẹ̀ á kí i pẹ̀lẹ́. Lọ́dún náà, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, iléeṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró, àwọn òyìnbó ń di ẹrù wọn. Pátákó ilé títà hù káàkiri bí olú. Ilé pọ̀ ju ẹni tó fẹ́ rà á lọ.

Ẹni kan ṣoṣo ló dínà. Ọkọ rẹ̀ ni.

Ẹnjiníà ni Ọlátúnbọ̀sún. Ó kàwé débi pé ìwé ló ń sá fún un. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, ọmọ rẹ̀ sì gbà pé Ọlọ́run ò tíì dá ẹni tó máa dárúkọ owó tí òun á san án bẹ́ẹ̀. Ó ná tòmátì ní súpámákẹ́ẹ̀tì títí wọ́n fi pe máníjà. Ó ná irun gígẹ̀. Ó ná eyín tí dókítà ti yọ tán, ó ní bí wọn ò bá já owó wálẹ̀, kí wọ́n dá eyín òun padà.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ ra ilé.

Wọ́n rí ọ̀kan ní Spring, lẹ́bàá Houston. Òyìnbó arúgbó kan tó ń jẹ́ Anthony ló ni ín. Iléeṣẹ́ epo ti ní kó máa lọ sílé, ó sì fẹ́ padà sí ìlú kékeré tí wọ́n ti bí i ní Ohio. Ọláníkẹ́ yọjú wo kíṣìnì láti ojú fèrèsé, ọkàn rẹ̀ wọlé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wọlé. Ọjọ́ náà gan-an ló sọ fún onílé wọn ní Fondren pé àwọn ń kó lọ. Onílé ò fi àkókò ṣòfò, ó ti gbowó lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí wọn ò bá ra ti Spring, ìta gbangba ni wọ́n máa sùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ ná an, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, Ọlátúnbọ̀sún ṣòfin. Ó ní, "Ìyá Mojí, má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí ọjà ti fi owó kún un."

Ọláníkẹ́ fajú ro. Ó fajú ro títí orí fi ń fọ́ ọ.

Ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, Cornelius, náà bá wọn lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa bu ẹnu àtẹ́ lu ilé náà, torí pé ẹnu ẹnìkan ò tó ná ọjà. Ẹ̀yin náà mọ bẹ́ẹ̀.

Kò, kò, kò. Ọlátúnbọ̀sún fi ìka kan kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnì.

"Igi yìí ti ń jẹrà."

Anthony ní ọwọ́ òun lòun fi kàn án, lọ́dún tí ìyàwó òun bí àbígbẹ̀yìn àwọn.

"Abájọ," ni Ọlátúnbọ̀sún wí.

Ó ní àjà ilé kúrú bí ti ilé ewúrẹ́. Ó ní kápẹ́ẹ̀tì jọ omi gọ́tà. Ó ní igi ńlá tó wà níwájú ilé, iṣẹ́ ìgbálẹ̀ lásán ni. Ojú Anthony pọ́n bíi tàtàṣé. Ibí yìí ló yẹ kí Cornelius ti gbè é. Ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ló ń fọwọ́ pa lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ.

Anthony dárúkọ iye tó fẹ́. Ọlátúnbọ̀sún gé e sí méjì, ó mú ìdajì, ó tún fẹ́ gé ìdajì náà. Anthony ní rárá.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ẹni tó bá dé ọjà wa rí mọ ìyẹn. Wàá kẹ̀yìn sí ọlọ́jà, wàá máa rìn bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi ní, "Oníbàárà, padà wá, mú owó wá." Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti bí Anthony, ẹni tó bá ní òun ń lọ, ó ń lọ ni.

Ọlátúnbọ̀sún ń rìn gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀. Etí rẹ̀ nà sẹ́yìn bíi ti ehoro.

Anthony ò pè é padà.

Cornelius ní òun fẹ́ tọ̀, ó padà wọlé. Tọkọtaya wọ mọ́tò. Oòrùn Houston ń yan ènìyàn bí àgbàdo, ọkùnrin yìí ò tan ẹ̀rọ amúlétutù.

"Tí ẹ̀rọ bá ń dún, báwo la ṣe máa gbọ́ tí bàbá yẹn bá pè wá?"

Òógùn ń ṣàn ṣọ̀rọ̀rọ̀. Wíìgì orí Ọláníkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò létí bí ewé tó kan iná.

"Dádì Mojí, ẹ jẹ́ ká padà lọ bẹ bàbá yìí."

"Ta ní ń bẹ ọlọ́jà?"

Ó wa mọ́tò yí àdúgbò ká bí ìgbín. Ó tún yí i. Àwọn ará àdúgbò ń yọjú lẹ́yìn kọ́tìnì. Fìì! Ọlọ́pàá dé. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń wá. Ọlátúnbọ̀sún ní àwọn ń dúró de ẹni tó máa pe àwọn padà. Ọlọ́pàá ní ṣé ẹni náà mọ̀ pé òun máa pè wọ́n? Ó ní ó yẹ kó mọ̀.

Ọlọ́pàá wò ó. Ó wo wíìgì. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Wọ́n lọ gbé Cornelius. Wọ́n ti ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìta. Ọlátúnbọ̀sún ní ó ń bá àwọn rọ ọkùnrin náà lọ́kàn ni. Cornelius jáde pẹ̀lú ife tíì tútù lọ́wọ́, ó jókòó sẹ́yìn mọ́tò, ó ń fà á mu títí wọ́n fi délé.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí Ọláníkẹ́ bá ní kí wọ́n pe Anthony, ọkọ rẹ̀ á ní, "Jẹ́ kí ọjà sùn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó máa rọ̀." Cornelius ò sì yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Ọjọ́ tí owó ilé àyágbé tán, wọ́n di ẹrù, Ọlátúnbọ̀sún ní Anthony á ti rọ̀ báyìí, wọ́n gbé Mojí ọmọ wọn sáàárín ìkòkò, ó di Spring.

Kò sí pátákó mọ́. Cornelius ló wà níwájú ilé, pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀ àti rọ́bà omi lọ́wọ́.

"Ẹ kú ọ̀nà o."

"Kí lò ń ṣe níbí?" ni Ọlátúnbọ̀sún bi í.

"Mò ń bomi rin koríko mi."

"Cornelius, ilé mi lo rà?"

"Ilé rẹ kẹ̀? Ṣebí ìwọ lo ní ó ti ń jẹrà."

Ó ní òun ò ná an rárá. Òun kàn bi Anthony pé irú igi wo ló fi kan kọ́bọ́ọ̀dù tó dára báyìí. Omi lé sójú bàbá náà. Fúnra rẹ̀ ló já owó wálẹ̀, ó tún fi fírísà àti ẹ̀rọ ìgékoríko ṣe èènì.

Ọláníkẹ́ wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹja tó ti jẹrà.

Cornelius ṣàánú wọn. Ó ní yàrá kan wà lórí gáréèjì, ó sì dárúkọ iye tí wọ́n á máa san lóṣù. Ẹ wá wo ọ̀mọ̀wé! Ó ní ó ti wọ́n jù. Ó kẹ̀yìn, ó ń lọ sídìí mọ́tò, gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀.

Ọláníkẹ́ ò tẹ̀ lé e. Ó fa Mojí lọ́wọ́, ó gbé ìkòkò, ó wọ kíṣìnì, ó dáná.

Ọlátúnbọ̀sún dúró sídìí mọ́tò. Ó nu dígí. Ó fẹsẹ̀ ta táyà. Kò sẹ́ni tó pè é. Òórùn ata díndín ń fẹ́ bọ̀ láti ojú fèrèsé, oòrùn ń na orí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó padà wá sẹ́nu ọ̀nà.

Kò, kò, kò.

"Ta ni?"

"Èmi ni. Mo gbà. Iye tó o pè yẹn náà."

"Áà," ni Cornelius wí láti inú ilé, "ìyẹn tìgbà yẹn nìyẹn. Ó ti lé."

Ohun tó sọnù: ilé kan, ilé àyágbé kan, wíìgì kan, àti ọ̀rẹ́ kan tó di onílé.