Mẹ́sẹ́ńjà Kejì Tó Wà Nínú Sẹ́ẹ̀lì

Ọjọ́ kan wà tó kọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi, bí mo ti ń lé e tó. Bí mo bá ń jẹun lọ́wọ́ tí mo rántí rẹ̀, ńṣe ni mo máa ń rọra gbé òkèlè sílẹ̀, màá kọ́kọ́ bú ara mi díẹ̀ kí n tó máa jẹun lọ.

Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìkàrẹ́, àmọ́ Ìwàrò-Ọ̀kà ni mo ń gbé. Ẹ ṣáà mọ Àkókó wa yìí: èèyàn ò tíì rìn jìnnà tí èdè á ti yí padà. Ẹni tó bá lè gbọ́ ti ibí, kó sọ ti ọ̀hún, ọba kékeré ni. Èmi wá fi Gẹ̀ẹ́sì kún tèmi, mo sì gbà pé kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè sọ tí mi ò ní lè túmọ̀. Ìgbéraga? Ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ míì fún un.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn ìlú kí dókítà kan tó jẹ́ àgùnbánirọ̀ wá bá wa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọbìnrin ará Kàlàbá ni. Yorùbá tó gbọ́ ò ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ọ̀sán gangan ló sì fi kí wa bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó yẹ kó bá a túmọ̀ ò rí ọkọ̀ láti Ìkàrẹ́. Kí wọ́n tó béèrè ẹni tó lè ṣe é, mo ti wà níwájú, mo ti ń tún fìlà mi ṣe.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Ó ní ká dín iyọ̀ kù, mo túmọ̀. Ó ní ká máa fẹsẹ̀ rìn, mo túmọ̀, mo tún fi àwàdà sí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ yẹn ló bà mí jẹ́. Dókítà rò pé ọ̀rọ̀ ti yé wa dé gongo, ló bá bọ́ sí bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gbọ́ àṣẹ. Ó ní mẹ́sẹ́ńjà àkọ́kọ́ máa ń dé ẹnu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì, kì í wọlé. Mẹ́sẹ́ńjà kejì ló wà nínú lọ́hùn-ún. Ó pè é ní sáíkílíkì Jì-Ẹ́m-Pì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, òógùn bò mí. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ láyé, ẹ̀yìn kántà ọlọ́pàá ló wà. Sáíkílíkì ńkọ́? Mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń pe báísíkù ní Kàlàbá nìyẹn. Jì-Ẹ́m-Pì, mo gbé ìyẹn mì. Mo húkọ́.

"Dókítà ní mẹ́sẹ́ńjà àkọ́kọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ṣùgbọ́n mẹ́sẹ́ńjà kejì, èyí tó ń gun kẹ̀kẹ́, ó ti wà ní àtìmọ́lé."

Ohun tí mi ò rò ni pé mẹ́sẹ́ńjà méjì ló wà ní ọ́fíìsì wa. Sùlé, ọmọ Ọ̀kà, ni ìkejì. Òun ló ń fi kẹ̀kẹ́ kó lẹ́tà káàkiri. Ìyá Ràmọ́tù ìyàwó rẹ̀ sì rèé níwájú mi.

Ó dìde. "Akọ̀wé, kí ni ọkọ mi ṣe?"

Dókítà rò pé ẹ̀kọ́ ló ń béèrè. Inú rẹ̀ dùn, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ: bí mẹ́sẹ́ńjà kejì bá ti jíṣẹ́ tán, nǹkan kan á gé e, kí iṣẹ́ náà má baà máa lọ láìdúró. Ó yẹ kí n panu mọ́. Àmọ́ ẹnu mi ti ṣí.

"Ó ní bó bá ti jíṣẹ́ tán, wọ́n á gé e."

"Wọ́n á gé ta ni? Yéè! Ó tún ń rẹ́rìn-ín!"

Ìyá Ràmọ́tù tú gèlè, ó fi di ìbàdí, ó di ìta. Àwọn obìnrin tú jáde tẹ̀lé e. Dókítà bi mí pé níbo ni wọ́n ń lọ. Mo ní wọ́n ti lọ bẹ̀rẹ̀ ìrìn tó ní kí wọ́n máa rìn. Ìgbà yẹn ni èmi náà sáré jáde.

Nígbà tí mo fi máa dé àgọ́ ọlọ́pàá, sájẹ́ǹtì ti ń búra pé kò sí Sùlé kankan níbẹ̀.

"Kò lè sí níbí mọ́," Ìyá Ràmọ́tù ń ké. "Ẹ ti gé e!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Gbogbo ọwọ́ nà sí mi.

"Sà, mo kàn túmọ̀ ni."

"Ó dáa. Wọlé síbí, kó o wá máa túmọ̀ ara rẹ."

Bí mo ṣe wọ sẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Mo fẹ́ máa káàánú ara mi, àfi ìgbà tí mo gba àárín irin wo Ìyá Ràmọ́tù. Ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ki ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń ki òkú. Ẹ̀rín ò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹnu èmi yìí ló sọ obìnrin náà di opó lọ́sàn-án gangan.

Dókítà dé, ó ń mí hẹlẹ. Ó ṣàlàyé fún sájẹ́ǹtì pé sẹ́ẹ̀lì tí òun ń wí ni yàrá tíntìntín tí gbogbo ara fi ṣe. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù, ọkàn á rán mẹ́sẹ́ńjà sí ara iṣan. Ìyẹn á kanlẹ̀kùn, kò ní wọlé. Mẹ́sẹ́ńjà kejì, èyí tí wọ́n ṣe nínú ilé, ni yóò gba iṣẹ́ náà, á ní kí iṣan dẹ̀, ọ̀nà á sì fẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe èèyàn, kò ní kẹ̀kẹ́. Sájẹ́ǹtì yíjú sí àwọn obìnrin, ó túmọ̀ rẹ̀ geerege. Ìyẹn dùn mí ju títì tí wọ́n tì mí lọ.

Ṣùgbọ́n Ìyá Ràmọ́tù ò dìde. Ó ní òun ò mọ yàrá tíntìntín, ọkọ òun ni kí wọ́n fi han òun.

Ó tó wákàtí kan kí Sùlé tó dé láti ìlú Ikun, níbi tó ti lọ pín lẹ́tà tó ṣẹ́kù lánàá, eruku bò ó, báàgì lẹ́tà wà lọ́rùn rẹ̀. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti sọ fún un pé ó ti kú. Ìyá Ràmọ́tù fò mọ́ ọn, ó sunkún, lẹ́yìn náà ló bínú.

"Bàbá Ràmọ́tù, níbo lẹ wà nígbà tí wọ́n ń gé yín?"

Sùlé wo ìyàwó rẹ̀, ó wo èmi lẹ́yìn irin, ó bú sẹ́rìn-ín. "Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, mo dúró fún wọn. Ṣé ẹ ò rí i pé ibi tó yẹ kí mẹ́sẹ́ńjà wà ni wọ́n gbé akọ̀wé sí?"

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni ì bá gbà mí lọ́jọ́ náà, n kò sì mọ̀ ọ́n sọ. Nígbà tí dókítà tún padà wá sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ míì, nọ́ọ̀sì ló túmọ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Ọ̀rọ̀ dé ibi tó le, Ìyá Ràmọ́tù bá yíjú padà, ó wò mí tìka-tẹ̀gbin.

"Akọ̀wé, ṣé ó yé yín?"

Mo dìde dúró, mo ṣí fìlà. "Kò yé mi."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?