Kóòṣì Okantey àti Ọkọ̀ Tó Fi Ń Dán Itan Wò

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ máa kà yìí. Bí irọ́ tó tó hóró iyọ̀ kan bá wà níbẹ̀, kí òkun Teshie ní Ghana gbẹ lọ́la, kí á máa fẹsẹ̀ rìn dé Brazil.

Kóòṣì ni Okantey í ṣe, Ọba àwọn agbérin, Lóṣòó-má-tẹ̀, A-jókòó-láìsí-àga. Àyà rẹ̀ gùn bí ilẹ̀kùn, itan rẹ̀ kò ju kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àwọn ará Ghana, méjì tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lọ. Tó bá gbé irin lé èjìká, tó sì lóṣòó, ẹ̀yìn rẹ̀ á dúró ṣánṣán. Itan kúkúrú ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n Okantey gbà pé ìwà rere ni.

"Ẹni tí àyà rẹ̀ bá tẹ̀ síwájú, ọ̀lẹ ni," ló máa ń wí. "Ẹ wò mí!"

Wọ́n á wò ó. Kí ni wọn ì bá tún ṣe?

Ọkọ̀ apẹja tó wà lórí iyanrìn ló fi ń dán wọn wò. Ọmọ ẹ̀kọ́ á fi ìka ẹsẹ̀ kan ọkọ̀, á kọjú sí i, á gbérin lóṣòó. Tí iwájú orí rẹ̀ bá kan igi, Okantey á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tó ń lọ sí ìdíje ní Kumasi.

Shormeh, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan tó ń yan ẹja, ní itan gígùn bíi ti lékelèke. Ọdún mẹ́ta ló ti fi orí gbá ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Okantey ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Lọ́dún kẹrin, obìnrin adájọ́ ìdíje kan wá láti Kumasi wá wo ìdánwò náà. Okantey mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun, torí apẹja kankan kì í wọ òkun lọ́jọ́ náà, kí gbogbo Teshie lè ráyè wo òun.

Shormeh lóṣòó. Orí kan igi, gbà!

"Ẹ ò rí i?" ni Okantey wí. "Ọ̀lẹ!"

Adájọ́ bi í bí ẹni ń bi bàbá pé, "Ataa, ta ló gbé ọkọ̀ wọnú ìdíje?"

"Ìlànà mi ni, Màmá."

"Kí ìbàdí ṣáà ti lọ sísàlẹ̀ ju orúnkún lọ. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni wo iwájú orí."

Àǹtí Ayorkor, aránṣọ wọn, fa téèpù yọ lọ́rùn. "Èmi ni mò ń wọn gbogbo yín. Itan Shormeh fi ìbú ọwọ́ kan gùn ju ti Ataa lọ. Bí ìdí bá lọ sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀, tí àyà ò bá wá síwájú, ṣé atẹ́gùn ni kó gbé e dúró?"

Adájọ́ ní kí Shormeh kúrò níwájú ọkọ̀. Shormeh ya ẹsẹ̀, ó fa irin wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ọrùn, ó tẹ̀ síwájú, ó lọ sílẹ̀ pátápátá, ó sì dìde. Ariwo sọ. Ẹja inú òkun pàápàá yọjú.

Okantey ò lè gbà á. "Èmi ni mo dá títẹ̀ síwájú sílẹ̀!"

"Ataa, ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀lẹ ni?" ni adájọ́ wí.

"Ọ̀tọ̀ ni tèmi! Ẹ gbé irin wá!"

Ó dúró síwájú ọkọ̀ bó ṣe máa ń dúró. Ó tẹ̀. Àyà gígùn lọ síwájú, itan kúkúrú ò rí nǹkan fi fà á padà. Àwọn méjì tó dúró tì í gba irin. Kò sẹ́ni tó gba Okantey. Gbàà! Ṣòkòtò rẹ̀ ya dé ìgbànú.

Shormeh bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lórí iyanrìn. "Ataa, orí yín kan ọkọ̀ o. Ṣé kí n yọ orúkọ yín kúrò?"

Shormeh ló lọ Kumasi. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bá Àǹtí Ayorkor ní Teshie. Ó wà láyé, ṣòkòtò náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Okantey ò tíì wá gbà á.