Ọkọ́ Tí N Kò Kọ

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ tó kù, ọjọ́ tí mo gbé fáìlì iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Àtàn-Ọ̀tà kò ní kúrò lọ́kàn mi láé. Nígbà náà, ṣọ́ọ̀ṣì ń hù káàkiri Ọ̀tà bí olú, yunifásítì náà ò gbẹ́yìn, gbogbo wọn ló sì ń wá ẹni tó máa ya pósítà àti àlímánáàkì. Èmi náà wò ó pé ọdún mẹ́fà tí mo ti lò nílé ìtẹ̀wé ọ̀gá mi ní Ṣàngó ti tó gẹ́ẹ́. Mo fiṣẹ́ sílẹ̀, mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, mo jókòó sí Ijoko, mò ń retí oníbàárà. Oṣù mẹ́ta kọjá, kò sẹ́ni tó yà àfi àwọn tó fẹ́ ṣe fọ́tòkọ́pì.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì Àtàn ń wá ẹni tó máa ṣe àlímánáàkì ìṣílé wọn, mo mọ̀ pé bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ni mo ń padà sí, bẹ́ẹ̀ mo ti sọ̀rọ̀ ńlá lójú rẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń lọ. Mo bá kó gbogbo iṣẹ́ tó rẹwà tó ti jáde níbẹ̀ sínú fáìlì. Èyí tí mo yà wà níbẹ̀, èyí tí mo kàn gé etí rẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tí mo fi ọ̀kadà gbé lọ fún oníbàárà náà ò gbẹ́yìn. Orúkọ ọ̀gá mi tó wà nísàlẹ̀ wọn, mo lẹ sítíkà orúkọ tèmi bò ó. Ojú ò tì mí rárá. Ìtìjú ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Màmá Díkónẹ́ẹ̀sì, alága ìgbìmọ̀ ìṣílé, ló gba fáìlì lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí bóyá èmi ni mo ṣe tibí, mo ní èmi ni. Tọ̀hún ńkọ́? Mo ní èmi náà ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo tilẹ̀ fi kún un pé ọ̀gá mi àtijọ́ kàn ń jókòó ni. Wọ́n wá ṣí ìwé ètò ìsìnkú kan, ẹ̀rín wọn sì dáwọ́ dúró. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó.

"Ìwọ lo ṣe èyí náà?"

"Èmi ni, Mà."

"Ìyá mi nìyí. Ka ìlà tó kẹ́yìn yẹn sí mi létí."

Mo kà á: "Wọ́n fi ọkọ́ kan àti ọmọ méje sílẹ̀ sáyé." Bí mo ṣe kà á ni mo rí i. Àmì kan tí kò yẹ kó wà lórí ọ̀rọ̀ ti sọ ọkọ ìyá di irinṣẹ́ oko.

"Bàbá mi wà níjókòó iwájú lọ́jọ́ náà," ni Màmá wí. "Títí dòní làwọn ọmọ-ọmọ wọn ń pè wọ́n ní Bàbá Ọlọ́kọ́. Ọ̀gá rẹ ní òṣìṣẹ́ òun kan ló ṣe é, pé òun sì ti lé e. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá a."

Ọ̀gá mi yìí! Ọkùnrin tó ń wọ́n àmì sórí ọ̀rọ̀ bí ẹni wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ ìwé yẹn. Iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ kò ju pé mo ká a sí méjì, mo gán an pọ̀. Bí mo bá dákẹ́, èmi ni mo sọ bàbá olóbàbá di ọkọ́. Bí mo bá sọ òótọ́, òpùrọ́ ni mí. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo sọ òótọ́.

Màmá padà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Èyí ńkọ́? Mo ní mo gé etí rẹ̀ ni. Èyí? Mo ní mo gbé e lọ fún oníbàárà ni. Wọ́n ń fi èékánná họ sítíkà mi, orúkọ ọ̀gá mi sì ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí a fi máa dé ẹ̀yìn, mẹ́ta péré ló kù tó jẹ́ tèmi, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ àwòrán ara omi inú ọ̀rá.

Wọ́n wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ́. "Àwọn wọ̀nyí dára o. Kí ló dé tó o fi wọ́n sẹ́yìn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn sítíkà tó já sílẹ̀.

Ẹlòmíràn ló gba àlímánáàkì. Ṣùgbọ́n kí n tó dìde, Màmá ní àwọn ò tíì rí ẹni tó máa kọ àkọlé sí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun: Ọkùnrin, Obìnrin. Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó tó ìgbà ogún tí mo yẹ àmì orí ọ̀rọ̀ méjèèjì wò kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó rí i lọ́jọ́ ìṣílé ló gbé iṣẹ́ kejì fún mi, n kò sì padà sí Ṣàngó mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ gba ìyìn iṣẹ́ oníṣẹ́, kó múra àtigba èébú rẹ̀ pẹ̀lú. Lónìí, kí n tó fi iṣẹ́ kan sínú fáìlì mi, mo máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí a jọ ṣe é, mo sì máa ń kọ ipa tí mo kó sábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló wà lójú ewé àkọ́kọ́. Bí àwọn oníbàárà bá ń fi mí rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rín in. Ó kéré tán, kò sẹ́ni tó máa bá mi du ìyẹn.