Ìkúnlẹ̀ Fọyèkẹ́ àti Ìró Tí Kò Tutù

Ẹ yà lọ́nà fún Fọyèkẹ́, ọmọ Adéyanjú ará Ìkìrun, ọmọ baba tó lọ sógun tó sì ṣáájú gbogbo ọmọ ogun délé, nítorí ogun náà ò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tó padà. Ọmọ ìyá tó fi igi orógùn lé ewúrẹ́ mẹ́ta kúrò nídìí èlùbọ́. Aya Olúwọlé, abiyamọ ọmọ mẹ́rin tí kò sí èyí tó rọra wáyé nínú wọn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ló tú ìdè àpò ìtọ̀ rẹ̀. Tó bá sín, ìtọ̀ á jò; tó bá rẹ́rìn-ín, á jò; tó bá kúnlẹ̀ tó fẹ́ dìde, á dà bí omi ẹ̀rọ tí wọn ò tì dáadáa.

Ìkúnlẹ̀ yìí gan-an lọ̀tá. Ní gbogbo ìpàdé ẹbí, Màmá Àjíún, ìyá ọkọ rẹ̀, á jókòó sórí àga, obìnrin ilé kọ̀ọ̀kan á sì kúnlẹ̀ títí màmá á fi súre tán. Ọdún méjì ni Fọyèkẹ́ fi ń kí i ní ìdúró, tó ń purọ́ pé orúnkún ń dun òun. Ẹbí ní ìgbéraga ni, wọ́n sì ní tí kò bá kúnlẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀, àwọn máa gba ipò olórí obìnrin ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dùn ún wọra, ṣùgbọ́n ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n pè é ní agbéraga ju kí wọ́n pè é ní atọ̀ọ́lé lọ.

Ẹ wá wo ọgbọ́n ogun tí akọni kọ́kọ́ dá: ó bá omi mímu ṣọ̀tá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, ó ń ta á bí ata, ó sì ń jò síbẹ̀síbẹ̀. Ìgbà náà ló tó rántí pé a kì í fi ìtìjú kárùn, ló bá gba ilé ìwòsàn lọ. Nọ́ọ̀sì Ìbídùn sọ fún un pé omi ò jẹ̀bi, pé iṣan ìsàlẹ̀ tó gbé àpò ìtọ̀ ró ló dẹ̀. Ó ní kó máa mumi, kó máa fún iṣan náà pọ̀ bí ẹni tó ń pa ìsó mọ́ra láàárín àwọn àna, kó ka ení dé ẹ̀wá, kó tú u sílẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, nígbà mẹ́ta lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta.

Háà, akin lójú ogun! Ó ń fún iṣan náà pọ̀ nídìí gàrí tó ń yan. Ó ń fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí pásítọ̀ ń bá àwọn obìnrin agbéraga wí, tó sì tẹjú mọ́ ọn, tí kò mọ̀ pé ọ̀gágun lòun ń wò.

Oṣù mẹ́ta kọjá, ọjọ́ ìpàdé pé. Fọyèkẹ́ kúnlẹ̀. Màmá súre láti orí àwọn baba ńlá dé orí ọmọ tí wọn ò tíì bí, bẹ́ẹ̀ ni èéfín ata ń bọ̀ láti ilé ìdáná. Akọni fún iṣan pọ̀. Ó sín lẹ́ẹ̀mẹta, ó dìde, ìró rẹ̀ gbẹ.

Màmá fà á mọ́ra. "Orúnkún tó ń dùn ẹ́ yẹn, ta ló bá ẹ wò ó?"

Fọyèkẹ́ sọ òótọ́ sí i létí. Màmá ò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí mi ò dìde lórí àga yìí lójú èèyàn."

Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Nítorí náà, kí tọmọdé tàgbà gbọ́: Fọyèkẹ́ ti ṣẹ́gun, a sì pàṣẹ pé láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ pe obìnrin ní agbéraga nílé yìí, kó kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń ṣe é.