Ewé Ojú Ọ̀nà Akpassi

Ọjọ́ kan wà tí mo ti ń bẹ̀ pé kó kúrò lọ́kàn mi, tí kò gbà. Bí mo bá tilẹ̀ gbàgbé, àwọn awakọ̀ Bantè ò ní jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó rán mi létí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi ọkọ̀ mi fa ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Èmi nìkan ni mo ń ṣe é títí Kòjó fi ti Savalou dé pẹ̀lú ọkọ̀ tirẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, lójú tèmi, ó ní ohun tó ń fi pa mọ́.

Lọ́dún náà, Alájà, obìnrin oníṣòwò kan tó ń ra èso kajú ní Akpassi, ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa fa àwọn ọkọ̀ akẹ́rù wọn ní gbogbo ìgbà kajú. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, n ò ní máa jókòó ní gáráàjì mọ́, kí n máa gbàdúrà kí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ bàjẹ́. Alájà ní àwọn á kọ́kọ́ wo ọwọ́ èmi àti Kòjó ná.

Lọ́dọ̀ wa, bí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà, awakọ̀ á já ewé sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rọra. Ewé yìí ni mo fi ń mọ ibi tí iṣẹ́ wà. Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ lé ewé tútù, lọ́nà Gouka àti lọ́nà Koko, tí n ò bá ọkọ̀ kankan níbẹ̀. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Kòjó ló ń já a sílẹ̀, kí n lè máa fi epo ṣòfò.

Ìyàwó mi ní, "Baálé mi, àwọn awakọ̀ kì í kó ewé wọn bí ọkọ̀ bá ti dára. Ṣé Kòjó ò níṣẹ́ ni?"

Ó ti ń gbèjà Kòjó! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí òun náà.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo wọ aṣọ Jímọ̀ mi, mo fẹ́ lọ kí Alájà ní Akpassi. N ò tíì dé ibi tí ọ̀nà ti yí nígbà tí mo rí ewé. Mo ní, ẹ̀rí rèé! Mo sọ̀kalẹ̀, mo kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ mi, n ò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Iwájú Alájà ni n ó dà á sí, kí wọ́n mọ irú ènìyàn tí Kòjó jẹ́. Inú mi dùn gan-an. Mo tẹ ọkọ̀, mo yí kọ́nà.

Ọkọ̀ akẹ́rù Alájà ló dúró síbẹ̀, kajú kún un dé òkè. Mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ mi yọ̀ lórí yanrìn, ó lọ fi imú gbá a nídìí. Kò sẹ́ni tó fara pa, àmọ́ omi gbígbóná ń tú jáde níwájú ọkọ̀ mi, àpò kan ya, kajú sì ń rọ́ lé mi lórí bí mo ṣe ń bọ́ sílẹ̀.

Alájà fúnra wọn, tí wọ́n bá ọkọ̀ náà rìn, àti awakọ̀ wọn dìde lábẹ́ igi mángòrò ẹ̀bá ọ̀nà.

"Ṣé ẹ ò rí ewé ni?" awakọ̀ pariwo. "Mo já ewé síbẹ̀!"

Kí n tó lanu, Alájà ti dé ẹ̀yìn ọkọ̀ mi. Wọ́n wo ewé, wọ́n wò mí.

"Ìwọ lo kó o?"

"Ẹ̀rí ni, Alájà."

"Ẹ̀rí kí ni?"

Ojú tì mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa kajú nílẹ̀.

Kòjó tí wọ́n ti pè lórí fóònù kò pẹ́ dé. Kó tó ṣe ohunkóhun, ó kó ewé ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, ó lọ tò ó padà sójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló wá bá mi. "Fòfó, ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó ní, bí àwọn Máhì, àwọn ará Savalou tirẹ̀, ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n. Ó tún ń rẹ́rìn-ín, n ò sì rí nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀rín náà àfi àánú.

Alájà ní, "Kòjó, iṣẹ́ ti di tìẹ. Ti bàbá yìí ni kí o kọ́kọ́ fà."

Báyìí ni ọkọ̀ mi ṣe di ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fà nínú iṣẹ́ tí mò ń wá. Nírọ̀lẹ́, tí Kòjó fa ti Alájà náà tán, mo gbọ́ pé ó padà lọ kó ewé yẹn kúrò lọ́nà. Òun nìkan ni mo mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo agbègbè wa.

Ìfura loògùn àgbà, lóòótọ́, àmọ́ èmi lo tèmi ju bó ṣe yẹ lọ. Nísinsìnyí, bí mo bá rí ewé, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ wo ẹ̀yìn kọ́nà. Bí kò bá sí ọkọ̀ níbẹ̀, màá padà wá kó o. Àwọn awakọ̀ tó bá rí mi níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ á fọn fèrè, wọ́n á ní, "Ẹ̀rí dà?" Èmi náà á gbé ewé sókè hàn wọ́n, a ó jọ rẹ́rìn-ín.