Afinimọ̀nà Tó Fẹ́yàwó Láàárín Ìlú

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó fẹ́yàwó láàárín ìlú kì í tètè débi tó ń lọ? Ẹ fìdí kalẹ̀. Ẹni tí ọmọ bá ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, kó máa rẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ò ní pẹ́.

Láníhùn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ afinimọ̀nà n'Íbàdàn. Òun ló ń fẹsẹ̀ mú àlejò rin àárín ìlú, láti Ọjà'ba dé Màpó, títí dé Layípo, ilé gíga tó wà lórí Òkè Àrè. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un pé, "Bí àwọn àlejò òní ò bá gun Layípo kí wọ́n tó tì í, má wulẹ̀ padà wá." Oyún ìyàwó Láníhùn sì ti wọ oṣù rẹ̀, aṣọ ọmọ kan ṣoṣo ò tíì sí nílé.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àárín ìlú yẹn gan-an ni wọ́n bí ìyàwó rẹ̀ sí. Wọn ò tíì kúrò l'Ọ́jà'ba tí ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó fi yọjú lójú fèrèsé. Àna kúkú ni àna. Láníhùn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn àlejò, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sókè òkun, rò pé bí wọ́n ṣe ń kí ilé àtijọ́ nìyẹn. Ni tọkùnrin tobìnrin bá dojú bolẹ̀.

Ìyá àgbà náà wò wọ́n títí. "Láníhùn, ṣé gbogbo àwọn wọ̀nyí náà ló fẹ́ ọmọ wa?"

"Rárá, mà. Àlejò ni wọ́n, mà."

"Kí ló dé tóo rù báyìí? Ìyàwó ńkọ́, ṣé ó ń jẹun?" Ìyá pe àwọn ará ilé yòókù kí wọ́n wá wo ọkọ ọmọ wọn. Ìdọ̀bálẹ̀ mìíràn nìyẹn.

Ní Màpó, àbúrò bàbá ìyàwó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Orí àtẹ̀gùn ni Láníhùn àti àwọn àlejò nà sí bí ẹja tí wọ́n sá sóòrùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ dúró, ẹ má dọ̀bálẹ̀ mọ́," Láníhùn bẹ̀ wọ́n.

Obìnrin kan gbọn eruku aṣọ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, a ò lè wálé baba wa ká wá máa ṣe bí ẹni tí wọn ò kọ́."

Oòrùn ti ń wọ̀ kí wọ́n tó gun òkè dé Layípo. Bàbá aṣọ́nà ṣì di ilẹ̀kùn mú. "Ẹ yáa wọlé, mo ti fẹ́ tì í." Ọkàn Láníhùn balẹ̀. Àfi bí bàbá ṣe tún ojú rẹ̀ wò dáadáa. "Àbí kì í ṣe ìwọ lo fẹ́ Àyọ̀ká, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi?"

Láníhùn wo ilẹ̀kùn, ó wo bàbá. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ń gbọ́ bí àwọn tẹ̀yìn ṣe ń lulẹ̀, gbì, gbì, gbì.

Inú bàbá dùn. Ó gbàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá fi ti Láníhùn kádìí rẹ̀: "Àyọ̀ká á sọ̀ láyọ̀. Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Àmín, sà," ni Láníhùn wí nínú iyẹ̀pẹ̀.

"Ẹ dìde, ọmọ dáadáa. Ilẹ̀ ti ṣú, ẹ padà wá lọ́la." Bàbá sì fi kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀kùn.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń retí ẹnìkan tó pẹ́, ẹ má tíì bú u. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ilé àna rẹ̀ wà. Ẹni tó fẹ́yàwó láàárín ìlú kì í tètè débi tó ń lọ.